Yàrá Tí Fágbohùn Ń Mọ Sílẹ̀

Ní ìlú Òkè-Àbàtà láyé àtijọ́, Fágbohùn àti Àwẹ̀ró aya rẹ̀ ni olùtọ́jú àká irúgbìn. Àgbàdo tí gbogbo agboolé yóò gbìn wà lọ́wọ́ wọn, àká náà sì gùn débi pé ẹni tó dúró ní orí rẹ̀ kò lè dá ẹni tó wà ní ìdí rẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n Fágbohùn kò da irúgbìn pọ̀. Ó fi ògiri amọ̀ pín àká sí yàrá, ìkórè ọdún kan sí yàrá kan, ó sì fàmì sára ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá bèèrè irúgbìn ọdún kan, ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo ni wọn yóò ṣí fún un. Yàrá tí irúgbìn rẹ̀ bá ti gbó jù, wọn a kó o fún adìyẹ láìfọwọ́ kan ìyókù.

Lọ́dọọdún, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ́ lọ sóko, Fágbohùn a ti máa po amọ̀ yàrá tuntun. Akíndípẹ̀, ìránṣẹ́ Baálẹ̀, a máa ṣẹ̀fẹ̀ pé aláǹgbá ni bàbá ń kọ́lé fún. Fágbohùn a rẹ́rìn-ín, a sì máa rẹ́ ògiri rẹ̀ lọ. Yàrá kékeré kan wà ní ìpẹ̀kun, tí wọ́n ń pè ní yàrá àṣàtì, níbi tí wọ́n ń da irúgbìn tí kò sẹ́ni tó mọ ọdún rẹ̀ sí.

Nígbà ọyẹ́ ọdún kan, Fágbohùn kú. Amọ̀ tó kó jọ gbẹ síbi tó wà. Àṣà ìlú náà ni kí opó jókòó sílé fún ọdún kan gbáko, Àwẹ̀ró sì jókòó. Ó ránṣẹ́ sí Akíndípẹ̀, ẹni tí wọ́n fi àká lé lọ́wọ́, pé kó mọ yàrá tuntun. Akíndípẹ̀ fèsì pé bí àgbàdo bá dé, òun yóò wá ibi kan fún un.

Àgbàdo dé, kò sí yàrá. Akíndípẹ̀ da gbogbo rẹ̀ sí yàrá àṣàtì, lórí èyí tí kòkòrò ti ń jẹ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí Àwẹ̀ró bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ ni òjò àkọ́rọ̀ ṣú. Wọ́n ṣí yàrá àṣàtì láti pín irúgbìn, ìyẹ̀fun ni wọ́n bù jáde. Ẹ̀rù ba gbogbo ìlú, nítorí bí kò bá sí irúgbìn, ìyàn ló kù. Wọ́n rò pé kòkòrò ti ran gbogbo yàrá, Baálẹ̀ sì pàṣẹ kí wọ́n tú gbogbo àká síta, kí wọ́n máa ṣà á ní hóró kọ̀ọ̀kan. Òjò sì ti ń kù lókè.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Baálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú u. Yàrá kan ló ń ṣàìsàn, ara ilé yá."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Mo mọ ọwọ́ tó mọ ògiri rẹ̀."

Ó ṣí ìlẹ̀kùn ìkórè tí Fágbohùn kó kẹ́yìn, ó sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. Hóró tó bù jáde gbẹ, ó ń dán, ó ń ró lọ́wọ́ rẹ̀. Kòkòrò kan kò la ògiri náà kọjá. Láti inú yàrá kan yẹn ni gbogbo ìlú ti rí irúgbìn gbìn kí òjò tó rọ̀. Ti yàrá àṣàtì nìkan ni wọ́n kó lọ sun lẹ́yìn odi.

Akíndípẹ̀ ń retí èébú, ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró kò bá a wí. Ní ọjọ́ kejì, obìnrin náà bá a nídìí amọ̀ Fágbohùn, ọkùnrin náà ti da omi sí i, ó ń fi ẹsẹ̀ pò ó.

"Akíndípẹ̀, aláǹgbá wo lò ń kọ́lé fún?"

"Àgbàdo tí a gbìn lánàá ni, ìyá."

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti lọ. Ó gbé kèrègbè, ó sì bu omi sí amọ̀ náà fún un.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Òkè-Àbàtà fi ń pa á lówe pé, kí ìkórè tó dé la ti ń mọ yàrá rẹ̀.