A Kì Í Torí Ọba Kan Da Èjì Mẹ́ta Nù

"A kì í torí ọba kan da èjì mẹ́ta nù." Òwe yìí ò ṣàjèjì sí yín, ẹ̀yin ọmọ mi, ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Ẹlòmíì á ní ọ̀rọ̀ ààfin ni. Kò kan ààfin rárá. Orí ẹní ló ti bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ igi máńgòrò kan nílé àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin ní Ọ̀fà, láàárín obìnrin mẹ́ta tí wọ́n ń fi ẹ̀pà ta káàdì.

Oyèfúnkẹ́ lọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí. Ọmọ baálẹ̀ ni, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Láti kékeré lòun àti Àwẹ̀ró ti ń ṣọ̀rẹ́. Odò kan náà ni wọ́n ti ń pọnmi, ọkọ̀ ojú irin kan náà ló sì gbé wọn wá sílé ọkọ. Nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọmọge ni Àwẹ̀ró ti sọ fún un pé, "Ọmọ tí mo bá bí, ìwọ lo máa gbé e síwájú àlùfáà lọ́jọ́ ìsàmì." Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi jọ retí ọmọ náà.

Ọmọ dé. Ṣùgbọ́n Ìbídùn náà dé. Ìyàwó tuntun òṣìṣẹ́ ojú irin mìíì ni, yàrá rẹ̀ ló kángun sí ti Àwẹ̀ró. Ọkọ Àwẹ̀ró, tó ń koná ọkọ̀ ojú irin, ti mú páálí káàdì kan bọ̀ láti ìrìn àjò, pẹ̀lú eré kan tí wọ́n ń pè ní póòkà. Kò pẹ́ tí Ìbídùn fi mọ̀ ọ́n ta. Ní gbogbo ọ̀sán, Oyèfúnkẹ́ á máa gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì láti ojú fèrèsé rẹ̀. Ẹ̀rín Àwẹ̀ró, tó mọ̀ bí ẹni mọ ohùn ìyá rẹ̀, ẹlòmíì ló wá ń mú un jáde! Iyọ̀ tó yẹ kó bù sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń bù ú. Omi ni ọkọ rẹ̀ ń mu ṣáá.

Nígbà tí ìsàmì ku ọjọ́ mẹ́ta, ó rí Ìbídùn tó ń fọwọ́ rán aṣọ funfun kékeré kan. Ó jáde lọ bá òun àti Àwẹ̀ró lábẹ́ máńgòrò.

"Ta ló fẹ́ wọ aṣọ yẹn?"

"Ọmọ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹni tó ránṣọ ọmọ, ṣé kì í ṣe òun náà ló fẹ́ gbé e?"

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín. "Oyèfúnkẹ́, jókòó jàre, bu ẹ̀pà jẹ."

"N ò jẹ ẹ̀pà. Pín káàdì fún èmi àti òun. Ẹni tó bá jẹ ni kó gbé ọmọ."

"Ọmọ mi kì í ṣe ẹ̀pà o!"

"Fi í sílẹ̀," Oyèfúnkẹ́ tọ́ka sí Ìbídùn, "ẹ̀rù ló ń bà á."

Ìbídùn fi abẹ́rẹ́ gún etí aṣọ. "Ẹ̀rù ò bà mí, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí káàdì ṣe ń ju ara wọn lọ fún yín."

"Kí ìwọ kọ́ èmi? Ilé wa ni wọ́n ti ń to oyè! Ọba lọ́gá, olorì tẹ̀ lé e, ará oko ni gbogbo ìyókù."

Àwẹ̀ró po káàdì pọ̀. Ó pín káàdì márùn-ún márùn-ún. Oyèfúnkẹ́ ṣí tirẹ̀: ọba kan, olorì kan, àti èjì mẹ́ta, káàdì tó kéré jù nínú gbogbo wọn. Eré náà gbà pé kéèyàn da mẹ́ta nù kó sì mú mẹ́ta mìíì. Ó wo àwọn èjì yẹn bó ṣe ń wo Ìbídùn: ohun kékeré, tó ti ibi tí a ò mọ̀ wá, tó wá jókòó ti ọba. Ó dojú wọn dé. Ó mú mẹ́ta mìíì: ẹẹ́sàn-án, ẹẹ́rin, ọba!

Ó fò sókè. "Ọba méjì, olorì kan! Ààfin kún!"

Ìbídùn tẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀: ẹẹ́wàá méjì, eéje méjì, àti ẹyọ kan tí kò já mọ́ nǹkan.

"Ará oko," ni Oyèfúnkẹ́ wí.

Àwẹ̀ró ò rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe oyè ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò nínú eré yìí, ẹbí ni. Ìbejì ju ẹyọ lọ, bó ti wù kí ẹyọ náà tóbi tó. Ìbejì méjì ju ìbejì kan lọ, ì báà jẹ́ ìbejì ọba. Ìbẹta sì ju ìbejì méjì lọ." Ó nawọ́, ó ṣí èyí tí Oyèfúnkẹ́ dà nù. Èjì. Èjì. Èjì.

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀pà.

"O ti jẹ kó o tó da káàdì nù," Àwẹ̀ró ní. "O ti jẹ kó o tó jókòó pàápàá. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti fi orúkọ rẹ fún àlùfáà."

Ìbídùn rọra ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀pà ni mo fẹ́. Ẹ gbé ọmọ yín."

Oyèfúnkẹ́ wo aṣọ funfun náà. Ṣùgbọ́n ọmọ baálẹ̀ kì í kó èébì rẹ̀ jẹ. "Ẹnu mi ni mo fi gbé e kalẹ̀. Ìwọ ni kó o gbé e." Ó dìde, ó gbàgbé bàtà rẹ̀ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Ìbídùn ló gbé ọmọ nínú aṣọ funfun. Oyèfúnkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, owú ń jẹ ẹ́ nínú bí ìkán ṣe ń jẹ òpó. Àwẹ̀ró bojú wẹ̀yìn, ó rí i, ó sún lórí bẹ́ǹṣì. "Wá jókòó, ọmọ baálẹ̀. Bàtà rẹ wà lọ́wọ́ mi." Nígbà tí Ìbídùn padà dé láti iwájú àlùfáà, Oyèfúnkẹ́ ti jókòó, àyè ò tó mọ́. Ó gbé ọmọ lé Oyèfúnkẹ́ lẹ́sẹ̀ kó tó lè fún ara rẹ̀ wọlé. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe há mọ́ra nìyẹn títí ìsìn fi parí.

Ìdí nìyí, bí àwọn àgbà bá rí ẹni tí ojú rẹ̀ ràn mọ́ ohun ńlá kan ṣoṣo, tó wá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ da àwọn ohun kéékèèké tó wà papọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nù, ì báà ṣe ọ̀rẹ́, ì báà ṣe ọmọ ìyá, wọ́n á fà á létí, wọ́n á ní: "Rọra o. A kì í torí ọba kan da èjì mẹ́ta nù."