Àwẹ̀ró àti Ẹbọ Tí Ilẹ̀ Ń Retí

A-gbà-má-fún ní í sọ ilẹ̀ di yangí. Ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Àwọn awo yìí ló wo ọ̀ràn fún Àwẹ̀ró, opó tí ń fi omijé kọ ebè, tí ń gbé ọwọ́ òfìfo relé.

Ó ti rẹ Àwẹ̀ró. Ẹ̀wà sóyà ló ń gbìn, irú èyí tí wọ́n ń ká ní tútù, tí wọ́n ń bọ̀ tòun tèèpo. Ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ti ṣá. Ewé a pọ́n, èèpo a rọ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́, ọmọ inú rẹ̀ kò ní í tó í fi sẹ́nu. Ògúngbèmí, olórí ẹbí ọkọ rẹ̀, wá bá a lóko.

“Ìyàwó wa, bí òjò ọdún yìí bá tún lọ báyìí, ẹbí yóò gba ilẹ̀ wọn.”

“Mo gbọ́, Baba.”

Kò lágbára àti jiyàn. Irúgbìn tó kù sí i lọ́wọ́ kò ju igbá kan lọ.

Àwọn awo ní kí ó rúbọ. Kí ó kó ìgbẹ́ ewúrẹ́, ìgbẹ́ adìẹ, eérú àti èèpo iṣu jọ. Kí ó jẹ́ kí ó jẹrà, kí ó sì fi bọ́ ilẹ̀. Àwẹ̀ró gbọ́ ẹbọ, kò gbọ́ ilẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ dúdú tán, ó bu ẹ̀wà díẹ̀ lé e, nítorí ohun tí à ń wá la fi ń bẹ̀bẹ̀. Ó rù ú lọ sí oríta, bí gbogbo ayé ti ń ṣe. Ó gbin ìdajì irúgbìn sórí ilẹ̀ tí ebi ń pa. Ewé tún pọ́n.

Ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Nígbà tí ó dé oríta, ó jókòó. Ìgbà náà ló rí ẹ̀wà tó hù lórí ẹbọ rẹ̀, ó ki, ó tutù yọ̀yọ̀. Ó la èèpo kan, ọmọ mẹ́ta sanra síbẹ̀. Àwẹ̀ró sunkún.

“Oríta ti yó,” ó ní, “ilẹ̀ mi ń febi sùn.”

Ó ń gbálẹ̀ kiri agbo ilé, ó ń ru ìgbẹ́ àti eérú tó bá rí lọ sóko. Àwọn ará ilé ń pè é ní Ìyá Alààtàn. Ó rò ó pọ̀ mọ́ ebè, ó fi sílẹ̀ kí ó jẹrà. Òjò àrọ̀kúrò dé, ó gbin ìyókù. Lọ́tẹ̀ yìí ewé kò pọ́n, ọmọ sì kún inú èèpo.

Ògúngbèmí padà wá gba ilẹ̀. Àwẹ̀ró bu ẹ̀wà bíbọ̀ síwájú rẹ̀. Baba jẹ, jẹ, jẹ, kò rántí ohun tó bá wá.

Nígbà tí ó lọ tán, Àwẹ̀ró ṣa èèpo tí ó dà nù. Ẹ̀yìn ṣì ń ro ó. Ó kó wọn padà fún ilẹ̀, ó ń yin àwọn awo rẹ̀. Ẹbọ a máa gbeni, bí a bá gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ebi ń pa.