Akínlàbí Onígìtá ní Òkè Agbohùnpamọ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo kí yín, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ ya etí yín sílẹ̀ fún mi díẹ̀; n kò ní í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ṣùgbọ́n ohun ìyanu tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò gbé ọwọ́ lérí.

Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Akínlàbí, Akínlàbí a-fìka-sọ̀rọ̀, ẹni tí ìka rẹ̀ ń jó lórí okùn gìtá bí ẹ̀gà ti í jó lórí ọ̀pẹ. Òun ni ó máa ń lé orin, Ìbídùn ìyàwó rẹ̀, ìyá Fadékẹ́ ọmọ wọn, ni ó máa ń gbè é. Nígbà tí Ìbídùn kú, Akínlàbí sunkún bí ọkọ ti í sunkún, ṣùgbọ́n ohun tí ó bà á lẹ́rù jù ni pé, bí ó tilẹ̀ rántí ojú obìnrin náà kedere, ohùn rẹ̀ ń ṣá lọ ní etí rẹ̀ bí aṣọ aláró tí a sá sóòrùn. Ẹ̀yin tí ẹnì kejì yín ṣì wà láyé, ẹ máa fetí sí i dáadáa: ohùn ni ó ń kọ́kọ́ lọ.

Wọ́n sọ fún un pé Agbohùnpamọ́, iwin orí òkè, ni ó ń tọ́jú ohùn àwọn òkú. Ẹni tí ó bá kọ orin tuntun tí ó gún níwájú rẹ̀ yóò gbọ́ ohùn ẹni tirẹ̀ títí orin yóò fi parí, ohùn náà kò sì ní í kúrò ní etí rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí orin rẹ̀ bá ṣáko yóò di òkúta. Akínlàbí gbé gìtá kọ́ èjìká, ó la igbó tí ewé rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́, ó la odò tí ń ṣàn gòkè, ó dé ojúde iwin náà. Bí ó ti ta gìtá, àrà ńlá! Kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan tí ó tẹ̀, ìyẹn ohùn okùn mélòó kan tí ń dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, di ènìyàn, ó dìde dúró níwájú rẹ̀. Àwọn kan jáde láti inú agbo-ilé kan tí ó wà níbẹ̀, wọ́n jọra bí ọmọ ìyá. Àwọn mìíràn ti ọ̀nà jíjìn wá, wọ́n ń dán bí idẹ, wọ́n sì wọ Akínlàbí lójú, ó ń kó wọn jọ.

Agbohùnpamọ́ bú sẹ́rìn-ín, òkè mì. "Akínlàbí, orin lò ń kọ ni, àbí ọjà lò ń ná? Ohun tí ẹ̀yin onígìtá ń pè ní kíì, ibi tí orin ti ń gbéra tí ó sì ń padà sí, agbo-ilé ni. Àlejò lè yà wọlé, kó mu omi, kó máa lọ. Bí àlejò bá pọ̀ ju onílé lọ, ta ni yóò dá ọ lóhùn?"

Akínlàbí dá àwọn àlejò padà. Ó mú baálé agbo-ilé náà àti àbúrò rẹ̀ méjì péré, ó lé orin. Ohùn kan jáde láti inú àpáta, ó ń gùn, ó ń gùn, ó já.

"Baba, òun nìyẹn! Kí ló dé tó dákẹ́?" ni Akínlàbí ké sí iwin náà.

"Ta ló yan agbo-ilé yìí?"

"Èmi ni. Ibẹ̀ ló rọ ìka mi lọ́rùn."

"Ọ̀fun tirẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá lé orin láìwo ọ̀fun elégbè, òun náà ni yóò gbè é."

Nígbà náà ni ó yé e ìdí tí Ìbídùn fi máa ń mu omi gbígbóná lẹ́yìn gbogbo òde: orin ọkọ rẹ̀ ga ju ọ̀fun rẹ̀ lọ. Ó sọ orin náà kalẹ̀ sí agbo-ilé mìíràn, níbi tí ìka kan ti gbọ́dọ̀ tẹ gbogbo okùn pọ̀ tí ọwọ́ yóò fi máa ro. Ó lé e. Ohùn Ìbídùn sì jáde, ó kún, ó tutù, ẹyẹ dúró lójú ọ̀run, odò tí ń ṣàn gòkè dẹsẹ̀ dúró.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ku kọ́ọ̀dù kan péré kí orin wọlé, Akínlàbí kò lè tẹ̀ ẹ́, nítorí ó mọ̀ pé bí orin bá ti délé, ó parí nìyẹn. Ó ń yí ká ẹnu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di òkúta.

"Baba Fadékẹ́," ni Ìbídùn wí, "ẹ̀yin náà àti agídí. Ẹ jẹ́ á wọlé, ó ti rẹ̀ mí."

Ó tẹ̀ ẹ́. Gbogbo òkè dákẹ́ rọ́rọ́, òkúta tú kúrò lẹ́sẹ̀ Akínlàbí, ohùn Ìbídùn sì wà ní etí rẹ̀ títí ó fi sọ̀ kalẹ̀ délé.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ̀yin tí ń kọ orin àti ẹ̀yin tí ń gbé ilé ayé, ẹ mọ agbo-ilé tí orin yín ti gbéra, ẹ sì gbé e síbi tí ọ̀fun ẹnì kejì yín yóò dé. Bí àkókò bá sì tó, ẹ jẹ́ kí ó wọlé. Ẹni tí ó fẹ́ràn orin dénú kì í dá a dúró sójú ọ̀nà.