Jẹnẹrétọ̀ tí Mojírádé Gbé Wọlé

Ní àdúgbò Òkè-Àràbà, Mojírádé, tó ń ta ẹja inú yìnyín, ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ arúgbó. Firísà ni ọ̀nà oúnjẹ àwọn méjèèjì, jẹnẹrétọ̀ ló sì ń fún firísà lẹ́mìí, nítorí iná ìjọba kì í pẹ́ tó fi ń lọ. Nígbà tí olè gbé jẹnẹrétọ̀ Sùnmọ́nù, aládùúgbò wọn, ọkàn Mojírádé kò balẹ̀ mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ṣú, ó wọ́ tirẹ̀ wọ ilé ìdáná, ó tan án, ó sì ti ilẹ̀kùn ìta àti fèrèsé pa, ó fi irin dábùú ilẹ̀kùn náà nítorí olè.

"Ṣé inú ilé lẹ̀rọ yìí náà ó máa gbé ni?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Ó ti di ọmọ ilé, Màámi."

"Ẹkún rẹ̀ mà pọ̀ o. Ta ni yóò pọ̀n ọ́n?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gílóòbù ń tàn, fáànù ń fẹ́, firísà ń kùn. Nígbà tó yá, ẹ̀fọ́rí mú Mojírádé. Ó rò pé àárẹ̀ ọjà ni. Ó wá gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lórí àga.

"Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀, Màámi?"

"Bàbá rẹ. Ó dúró lẹ́yìn fèrèsé. Ó ní kí n jáde wá."

Ó ti pẹ́ tí bàbá rẹ̀ ti kú. Mojírádé dìde. Ó bojú wo ilé ìdáná. Adìyẹ tó sàba lábẹ́ tábìlì ti na ọrùn sílẹ̀ lórí ẹyin rẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò sì mí mọ́. Nínú èéfín jẹnẹrétọ̀, ohun kan wà tí ojú kì í rí, tí imú kì í gbóòórùn rẹ̀. Òun gan-an ló ń pànìyàn.

Ó fẹ́ sáré, ẹsẹ̀ kọ̀. Ó rákò dé ìdí ilẹ̀kùn, irin tó fi dá olè dúró sì wá di òun náà mú. Nígbà tí irin náà yọ tán, ó wọ́ ìyá rẹ̀ bọ́ sínú òjò. Sùnmọ́nù rí wọn, ó sáré wá.

"Ṣé olè ló wọlé ni?"

"Ó ti wà lọ́dọ̀ wa látẹ̀ẹ̀kan," ni Mojírádé dáhùn. "Èmi ni mo gbé e wọlé."

Màámi tẹjú mọ́ ẹ̀yìn fèrèsé. "Ó ti lọ," ló wí.

Kò sẹ́ni nínú ilé mọ́, síbẹ̀ gílóòbù ń tàn, fáànù ń yí, jẹnẹrétọ̀ sì ń bú ramúramù bí onílé.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Òkè-Àràbà fi ń pa á lówe pé: ẹni tó ń tilẹ̀kùn mọ́ olè, kó kọ́kọ́ wo ohun tó ń tì mọ́lé.