Àga Tí Gọ́ọ̀mù Rẹ̀ Kò Tíì Gbẹ

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ káfíńtà. Òfin kan ló sọ ọ́ di olókìkí ní ìlú rẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó sórí àga tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tíì gbẹ. Yóò lẹ oríkèé igi pọ̀, yóò fi okùn dè é pinpin, yóò sì gbé e sí kọ̀rọ̀. Bí oníbàárà bá ń kánjú, a máa sọ fún un pé, "Òde rẹ̀ lẹ rí tó ti dì mọ́ra. Inú rẹ̀ kò tíì mọ̀."

Ó ṣe àga ńlá kan fún olórí ẹbí wọn. Lọ́jọ́ tí bàbá náà wá wò ó, ó fẹ́ jókòó lé e lójú ẹsẹ̀. Káfíńtà na ọwọ́, ó dí i lọ́nà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ó gbẹ ná." Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo mọ iṣẹ́ rẹ," ló wí, ó sì padà sílé lọ dúró de àga rẹ̀.

Nígbà tó yá, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun káfíńtà. Bí ó bá ti fa ayùn díẹ̀, á dà bíi pé ènìyàn kan gun orí àyà rẹ̀ jókòó, ìrora á sì gba èjìká òsì sọ̀ kalẹ̀ sí ọwọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ńlá. Dókítà obìnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò ní àwọn iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn rẹ̀ ti dí, oògùn nìkan kò sì lè ran án mọ́. Wọn yóò yọ iṣan kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọn yóò rán an mọ́ ọkàn, kí ẹ̀jẹ̀ lè gba ọ̀nà tuntun kọjá ibi tó dí.

"Báwo lẹ ṣe máa dé ibi tí ọkàn wà?" ni káfíńtà bi í.

"A máa fi ayùn la egungun àárín àyà yín, bàbá."

Ẹ̀rù ayùn ba káfíńtà. Ta ló mọ ayùn tó o?

Dókítà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Mi ò ní tàn yín. Ẹ̀jẹ̀ lè dà ju bó ṣe yẹ lọ."

"A ò ní rí i," ni ìyàwó káfíńtà dáhùn.

"Ó lè fa àrùn rọpárọsẹ̀."

"Ọlọ́run ò ní jẹ́!"

"Kíndìnrín lè daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn mìíràn kì í jí."

"Kì í ṣe tiwa!"

"Àmín, màmá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ tán. Ọ̀pọ̀ jù lọ ló ń jí, tí wọ́n ń padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Bí a ò bá wá ṣe é ńkọ́? Ìyẹn gan-an ló ń ba èmi lẹ́rù." Ó yíjú sí káfíńtà. "Wáyà la máa fi so egungun náà pọ̀. Ó máa tó oṣù mẹ́ta kó tó jinná. Títí dìgbà náà, ẹ ò gbọdọ̀ gbé ẹrù, ẹ ò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ti ara yín dìde nílẹ̀, ẹ ò sì gbọdọ̀ fi àyà lélẹ̀."

Àbúrò káfíńtà wà nínú yàrá náà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Láàárọ̀ tí wọ́n ń tì í lọ fún iṣẹ́ abẹ, káfíńtà di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú bí ọmọ kékeré. "Ìyá Fadérera, ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà," ni obìnrin náà wí. Kò rí àdúrà kankan sọ mọ́.

Ó jí. Ẹ̀jẹ̀ kò dà jù, ọwọ́ kò rọ, ẹsẹ̀ kò rọ. Ẹni tó gun àyà rẹ̀ jókòó ti sọ̀ kalẹ̀. Bí ikọ́ bá fẹ́ gbé e, á gbá ìrọ̀rí mọ́ àyà kí egungun má bàa mì. Kódà ó bá dókítà ṣàwàdà: "Ẹ mọ oríkèé lẹ̀ o. Ó ku kó gbẹ."

Nínú ẹbí wọn, ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn dé kì í kọ́kọ́ wọ ilé ara rẹ̀. Ilé olórí ẹbí ló ń yà sí, ibẹ̀ náà sì ni káfíńtà yà sí lọ́jọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọsibítù, nígbà tí oṣù mẹ́ta kò tíì pé. Bàbá náà jókòó sórí àga ńlá rẹ̀, àwọn ẹbí yí i ká. Káfíńtà rọra tẹ̀ síwájú, ó tẹrí ba, ó na ọwọ́ kan sílẹ̀.

Bàbá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣé ọkàn ni wọ́n tún ṣe fún un ni, àbí ẹ̀kọ́ ilé ni wọ́n yọ kúrò níbẹ̀?"

Ilé rẹ́rìn-ín.

"Bàbá wa, ẹ má bínú," ni ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, "dókítà ló ní..."

"Ta ló bá obìnrin sọ̀rọ̀?" Bàbá gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sórí itan. "Èmi kì í ṣàdúrà fún ọmọ tó dúró lé mi lórí."

Káfíńtà wo àbúrò rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ wo ilẹ̀. Ẹ̀rù ayùn ti kúrò lára rẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù mìíràn ti wọlé: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu ikú bọ̀, tí àgbà ilé kọ̀ láti súre fún, kí ni yóò gbẹ́kẹ̀ lé bó bá padà sílé? Ẹ̀ẹ̀kan péré, ló rò nínú ara rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lélẹ̀. Ó nà gbalaja.

Ó gbọ́ ìró kan nínú àyà rẹ̀, kó. Ó mọ ìró náà dáadáa. Bí oríkèé tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tíì gbẹ ṣe ń dún nìyẹn bí ènìyàn bá jókòó lé e.

Kò lè dìde. Inú bàbá dùn pé ó pẹ́ nílẹ̀. "Ọmọ gidi nìyí! Wàá dàgbà, wàá darúgbó."

"Àmín!"

"O ò ní kú ikú àìtọ́jọ́."

"Àmín!" Ohùn àbúrò rẹ̀ ló ròkè jù.

Kò pẹ́ tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú ọgbẹ́, ibà sì dé. Wọ́n sáré gbé e padà. Wáyà ti ya inú egungun, kòkòrò àrùn sì ti gba ibẹ̀ wọlé. Wọ́n tún àyà náà là. Lọ́tẹ̀ yìí, kò jí.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, olórí ẹbí jókòó sórí àga tí káfíńtà ṣe. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ilé dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kí i kú ará fẹ́ra kù. Àga náà kò mì.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń gbọ́, ẹ má sọ pé iṣẹ́ abẹ ló pa á. Ayùn tó bà á lẹ́rù ti gbà á là. Ẹ má sì sọ pé bàbá náà kò mọ sùúrù. Ó mọ̀ ọ́n. Ó fi sùúrù dúró de àga títí ó fi gbẹ. Ènìyàn ni kò lè dúró dè. Bí ẹnì kan bá dé iwájú yín lọ́la tí kò tètè wólẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó wà lábẹ́ aṣọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti mọ ohun tó wà lábẹ́ aṣọ náà, tí ẹ ń wo ilẹ̀, ẹ má retí pé ẹnikẹ́ni yóò dá yín láre. Ó wà nílẹ̀, ó ń kú lọ, ẹ̀yin ń ṣe àmín.