Ọkọ̀ Tí A Yan Bí Ẹja

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹni tó bá níṣẹ́ kó dìde báyìí, n kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni Ojúọlápé, ọmọ Ìlágbò létí ọ̀sà; nígbà tí ọkọ mi kú, mo gba ìbọn rẹ̀, mo ń pa ẹran, mo ń yan án, mo ń tà á, kò sì sẹ́ni tó lè rẹ́ mi jẹ lọ́jà.

Àbúrò mi, Ṣíyanbọ́lá, ló kọ́kọ́ so okùn mọ́ ọkọ̀ onígi ńlá kan tó ti rì sínú ẹrẹ̀ kí wọ́n tó bí baba baba wa. A fà á dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Fádáhùnsi tó ń tọ́jú ibẹ̀ rì í sínú kòtò omi tó fi símẹ́ńtì mọ, ó ní òun óò máa fi ìda rọ́pò omi inú igi náà díẹ̀díẹ̀, fún ọdún mẹ́wàá.

Mo rẹ́rìn-ín. "Ọmọ ilé ìwé, ta ní í yọ ohun tó rì, kó tún rì í? Bí ọkọ̀ Ìlágbò bá mumi, iná la fi ń mú un gbẹ."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, omi ti di egungun igi yìí."

"Ẹran mélòó lo ti yan rí?"

Bí Fádáhùnsi ṣe lọ jẹun ọ̀sán, èmi àtàwọn ọkùnrin wa gbọ́n omi náà gbẹ, a fi èèpo àgbọn dáná sábẹ́ ọkọ̀.

Pákó kan sán bí ìbọn. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ Ṣíyanbọ́lá ké nílé: àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ là, ẹ̀jẹ̀ ò jáde, eruku igi ló ń dà. Pákó kejì sán, ìlà náà gun ojúgun.

Mo gbé ìbọn wọ àbàtà tí a ti fa ọkọ̀ náà yọ, mo ń wá ẹni tí mo lè bẹ̀, mo rìn títí omi fi mù mí dé àyà, tí àwọn igi ń kẹ̀yìn sí mi bí àna tí a ṣẹ̀, títí mo fi bá ọ̀nì arúgbó kan tí koríko ti hù lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀nì ní, "Ìyàwó ọdẹ, ẹ kú ẹrẹ̀. Ẹ wá ta ẹran ni, àbí ẹ wá di ẹran?"

"Bàbá, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Àbúrò mi ń gbẹ."

"Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ẹni tó kọ́kọ́ fokùn so ọkọ̀, ọkọ̀ ti so òun náà. Ẹ dá omi padà, kí ẹ ṣe bí ọmọ ilé ìwé yẹn ti wí. Ṣùgbọ́n ibi tó ti gbẹ, ó gbẹ nìyẹn."

Mo sáré padà, mo kúnlẹ̀ fún Fádáhùnsi, èmi tí n kò kúnlẹ̀ fún oníbàárà rí. Kò bú mi. Ó na korobá sí mi. A pọnmi títí iná fi kú, tí omi fi bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀.

Ìlà náà dúró ní orúnkún Ṣíyanbọ́lá. Ó wà láàyè, ṣùgbọ́n láti orúnkún lọ sísàlẹ̀, igi ni. Ọdún kẹrin rèé, ó ku mẹ́fà kí ọkọ̀ tó kúrò nínú omi. Bí omi kòtò bá fà ní ìka kan péré, á ní òùngbẹ ń gbẹ òun.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè; èmi kọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ ẹlòmíì ló sì sanwó rẹ̀. Ẹ máa lọ o, kí ilẹ̀ tí ẹ óò tẹ̀ délé tutù. Oòrùn mú lónìí, mo fẹ́ lọ wo omi.