Awọ Ẹtu Tó Wà Lọ́rùn Ìbọn

Ọkùnrin kan wà tó gbé ìbọn ṣakabùlà àtijọ́ kan kọ́ ara ògiri pálọ̀ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ àgbà ló fi í sílẹ̀ fún wọn. Àlejò kankan ò lè mu omi nílé náà láì kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn ìbọn yẹn.

Nígbà tó yá, àwọn tó ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jọ ránṣẹ́ sí i. Wọ́n fẹ́ gbà á fún àfihàn, wọn yóò sì kọ orúkọ ìdílé rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn dé ẹ̀yìn. Nǹkan kan péré ni wọ́n béèrè: kó wá ẹni tó lè jẹ́rìí sí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín.

Ó gbé e lọ sí agbo ilé àwọn alágbẹ̀dẹ. Arúgbó alágbẹ̀dẹ kan gbé ìbọn náà lé itan, ó wò ó títí, ó wá fi ìka tọ́ awọ ẹtu gbígbẹ tí wọ́n fi di ọrùn rẹ̀.

Ó ní, "Àwọn bàbá wa ò mọ̀wé. Bí wọ́n bá ṣe ìbọn fún ọdẹ, wọn á fín àmì agbo ilé rẹ̀ sára igi ìbọn. Ẹran tí ọdẹ náà bá kọ́kọ́ fi pa, awọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń bo àmì náà. Jẹ́ ká tú u wò."

"Ẹ tú u, bàbá. Àmì tiwa lẹ máa bá níbẹ̀."

Wọ́n tú u. Ilà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú òbìrí kan. Arúgbó náà fi ìka ka ilà náà, ó ní:

"Àmì ilé Ọdẹ́rìnlọ rèé."

Ta ni ò mọ ìtàn Ọdẹ́rìnlọ nílùú yẹn? Òun àti bàbá àgbà ọkùnrin yìí ni wọ́n jọ wọ igbó lọ́jọ́ kan. Bàbá àgbà nìkan ló padà wálé. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ti gbé ìbọn rẹ̀ sá lọ sí ọ̀nà jíjìn, kò fẹ́ aya àti ọmọ mọ́. Nítorí náà, àwọn ọdẹ ò ṣe ìṣípà fún un, ètùtù tí wọ́n fi ń sin ọdẹ tó kú kúrò láàárín wọn. Ta ní í ṣe ìṣípà fún alààyè? Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀ dàgbà sínú ẹ̀gàn. Ọmọ Ìsáǹsá ni wọ́n ń pè é títí tó fi darúgbó.

Alágbẹ̀dẹ ní, "Ọdẹ tó gbé ìbọn sá lọ, báwo ni ìbọn rẹ̀ ṣe dé ògiri yín? Inú igbó yẹn ló kú sí. Ohun tó pa á, Ọlọ́run ló mọ̀. Gbé e lọ fún ọmọ rẹ̀ lónìí."

"Mo ti gbọ́, bàbá."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe délé, ó di awọ náà padà, ó gbé ìbọn kọ́ ògiri. Ó ní òun yóò kọ́kọ́ fi tó mọ̀lẹ́bí létí. Nígbà tí mọ̀lẹ́bí pé jọ, ó ní kí iṣẹ́ oko dínkù ná. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ bá a, ọkùnrin yìí ló tún fi awọ wé e.

Ojú ọ̀nà oko rẹ̀ ni ilé ọmọ Ọdẹ́rìnlọ, arúgbó obìnrin náà, wà. Lọ́jọ́ kan, obìnrin náà pè é bó ṣe ń kọjá.

"Ọmọ mi, wọ́n ní ìbọn àtijọ́ kan wà nílé yín. Bàbá mi náà ní ìbọn. Ẹtu ló kọ́kọ́ fi pa. Mo ṣì rántí èyí tí wọ́n bù fún mi níbẹ̀."

"Ẹ ò tiẹ̀ gbàgbé, màmá," ni ó wí, ó sì kọjá lọ. Ojú tì í, àmọ́ kò dúró.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, kò lè fara dà á mọ́. Ó gbé ìbọn náà lé èjìká láàárọ̀, ó forí lé ilé arúgbó obìnrin náà. Ìyàwó ọmọ màmá náà ló bá lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún.

"Màmá ò jí mọ́ láàárọ̀ yìí, bàbá. Àná yìí náà ni wọ́n ń kìlọ̀ pé bí àwọn bá kú, ká má pe ọdẹ kankan wá. Wọ́n ní a kì í sun ìjálá fún ọmọ ìsáǹsá."

Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ìbọn lé ẹsẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé.

Lọ́sẹ̀ náà, ó sọ òtítọ́ fún àwọn ọdẹ, wọ́n sì ṣe ìṣípà fún Ọdẹ́rìnlọ. Wọ́n gbé ìbọn rẹ̀ lọ sínú igbó, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Gbogbo ìlú gbọ́. Ẹni tó yẹ kó gbọ́ ti wà nínú ilẹ̀.

Ìwọ tó jókòó síwájú mi yìí ni mo ń bá wí. O ti tú awọ wò, o ti rí àmì ẹni tó ni ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ, ì báà jẹ́ ilẹ̀, ì báà jẹ́ ìyìn. Èmi ò bi ọ́ bóyá wàá dá a padà. Mo mọ̀ ọ́, o kì í ṣe olè. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dúró dè ọ́ ti darúgbó. Dìde, kí o máa lọ.